PCV yín ń gòkè látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ testosterone? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò

Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti dárúkọ PCV, àìtó ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Aláboyún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fún, ọmọdé tí ibà ń ṣe, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n bá sì ní ó ti wálẹ̀ sí 25 báyìí gbogbo ilé á dìde, ẹnì kan á máa fún omi ewé ugwu pọ̀ mọ́ mílíìkì àti mọ́ọ̀tì, ẹlòmíì á ti gba kẹ́míìsì lọ láti ra bùlọ́ọ̀dù tọ́níìkì. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó bá rí 55 lórí ìwé láàbù ẹ̀ fi máa ń rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀jẹ̀ òun pé dáadáa. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, àwọn tí dókítà kọ testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, fún torí pé tara wọn ti lọ sílẹ̀, àwọn kan ń gbà á ní Houston, àwọn kan ní London, àwọn kan ní Èkó níbí, ó sì máa ń dùn mí pé wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jókòó tì wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ náà lè pọ̀ jù. Ó lè pọ̀ jù o. Ó wà lára wàhálà tó wọ́pọ̀ jù tí testosterone máa ń dá sílẹ̀, ó sì ṣeé bójú tó tí wọ́n bá tètè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ yín sínú túùbù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, tí a gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíákíá fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì pupa á kó ara wọn jọ sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú á wà lókè, a ó wá wo ibi tí pupa yẹn ga dé. Tó bá gba 45 nínú 100, PCV yín nìyẹn, 45. Ní ọ̀pọ̀ láàbù báyìí ẹ̀rọ ló ń ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní hematocrit, wọ́n á kọ HCT 45% síbẹ̀. Ní Britain wọ́n á kọ ọ́ sí 0.45. Nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni hemoglobin, èròjà pupa inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ọ́síjìn, tí ẹ bá rí 17.5 lórí ìwé Amẹ́ríkà tàbí ti Nàìjíríà, òun ni wọ́n kọ sí 175 ní Britain, torí mo ti rí ẹni tó kó láti Èkó lọ sí Manchester tó rí 150 lórí ìwé tó fẹ́ẹ̀ dákú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ti ọkùnrin tó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50, ti obìnrin láàárín 36 sí 46, láàbù kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn rú ni pé wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru là ń sọ. Rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí à ń sọ yìí, iye sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi máa fà á kí wọ́n tó mọ̀. BP èèyàn lè jẹ́ 120/80 kí PCV ẹ̀ wà ní 56. Nítorí náà tí ẹ̀rọ BP tó wà nílé bá sọ pé ara yín le, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí testosterone fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Kí ọmọ tó bàlágà, PCV ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìgbà tí kóró ẹpọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú testosterone sílẹ̀ ni ti ọmọkùnrin máa ń gòkè, tó sì máa ń dúró sókè títí tó fi máa dàgbà. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń mú kí kíndìnrín tú họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ EPO sílẹ̀ sí i, EPO yìí ló ń sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Lọ́wọ́ kan náà, ó ń tẹ họ́mọ́ọ̀nù mìíì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lórí ba, hepcidin ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ hepcidin sì ni pé kí áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa) má wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí hepcidin bá ti lọ sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù pọ̀ nílẹ̀, àṣẹ láti ṣe sẹ́ẹ̀lì sì ti wà, mùdùnmúdùn á kàn máa ṣe é lọ ni. Kí EPO tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ oògùn tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1989, àwọn oògùn tó bá testosterone tan, bíi nandrolone, làwọn dókítà máa ń fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀ sí i. Nítorí náà tí PCV yín bá gòkè lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kì í ṣe pé oògùn náà kì í ṣe ojúlówó tàbí pé ara yín ò gbà á. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe. Iye tó pọ̀ jù ni ìṣòro.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọdún kìíní ló sì máa ń gòkè jù. Ti àwọn àgbàlagbà máa ń ga ju ti ọ̀dọ́ lọ, kódà tó bá jẹ́ iye kan náà ni wọ́n ń gbà, èyí sì ń dà mí lọ́kàn rú torí àwọn baba tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà nínú àwọn tó ń gbà á, àwọn náà ni òpó ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti gbó.

Kí ló burú nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀? Ẹ wo ìyá tó ń po ògì. Tó bá fi ògì díẹ̀ kún un, ó ṣì ń ṣàn, ó tún fi díẹ̀ sí i, ó ṣì ń ṣàn, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ibì kan tó jẹ́ pé ṣíbí kan péré tó fi kún un ni gbogbo ẹ̀ á ki, tí kò ní lè ṣàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 42 bọ́ sí 46 kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, ṣùgbọ́n láti 52 bọ́ sí 57, ẹ̀jẹ̀ ti ń wúwo gan-an láti gba inú òpó tóóró kọjá, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rù sì wà pé kó dì níbi tí kò yẹ kó dì, nínú iṣan ẹsẹ̀, kó gbéra láti ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí kó dí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ o. Ní 2023 wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, TRAVERSE lorúkọ ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,200 ló wà nínú ẹ̀, ọmọ ọdún 45 sí 80, testosterone wọn kéré, ọkàn wọn sì ti ní ìṣòro tàbí kó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ní i. Àwọn kan fi jẹ́ẹ̀lì testosterone pa ara, àwọn yòókù fi jẹ́ẹ̀lì tí kò ní oògùn nínú. Wàhálà ọkàn ńlá àti rọpárọsẹ̀ ò pọ̀ lára àwọn tó lo testosterone ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ díẹ̀ lára wọn, kí ọkàn máa lù ségesège náà pọ̀ díẹ̀, àti kí iṣẹ́ kíndìnrín dédé jó rẹ̀yìn. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lò, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò déédéé, tí hematocrit ẹnikẹ́ni bá ti kọjá 54 wọ́n á dín oògùn ẹ̀ kù. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní kí ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, pé ìwádìí ti sọ pé testosterone ò ṣe ọkàn ní nǹkan kan, ẹ bi í pé ṣé wọ́n ń yẹ PCV tiẹ̀ wò bíi ti àwọn yẹn. Ìdánilójú yẹn ò kan ẹni tó ń gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ nílé tí kò dé láàbù láti ọdún méjì.

Nọ́ńbà tí ẹ máa rántí ò pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mọ́ọ̀nù, Endocrine Society, kọ ọ́ ní 2018 pé tí hematocrit bá ti kọjá 48 kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀, kó má tíì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tó fà á, 50 ni fún ẹni tó ń gbé ibi gíga gan-an bíi Denver. Lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kó máa jẹ́ ọdọọdún. Tó bá ti kọjá 54, kí wọ́n dá oògùn dúró títí á fi wálẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá nǹkan mìíì wà níbẹ̀, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ àwọn ògbógi ni wọ́n pa pọ̀ fi mú 54 yẹn, kì í ṣe pé èèyàn wà ní àlàáfíà pátápátá ní 53.9. Tèmi ni pé tó bá ti ń sún mọ́ 52 kí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà yín, pàápàá tó bá jẹ́ 41 lẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe yára gòkè náà ń sọ nǹkan.

Ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé 45 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àìsàn mìíì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, polycythaemia vera, níbi tí mùdùnmúdùn fúnra ẹ̀ ti ya pòókì tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ EPO. Ìwádìí kan ní 2013 ló fi hàn pé tí wọ́n bá mú hematocrit àwọn tó ní àìsàn yẹn wá sísàlẹ̀ 45, ikú àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń dín kù láàárín wọn. Tiwọn ni. Kò tíì sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí testosterone gbé tiẹ̀ sókè, kò sì yẹ kí ẹ máa sá kiri torí 47.

Ó dáa, ìwé láàbù ti jáde, ó kọ 55. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó gbààwẹ̀ wá láti alẹ́, tí kò mu omi, tó rìn nínú oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru lánàá, omi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dín kù, iye tí sẹ́ẹ̀lì gbà nínú ẹ̀ á sì dà bíi pé ó pọ̀. Kódà tí ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ bá so okùn mọ́ apá fún ìgbà pípẹ́, ó lè gbé e sókè díẹ̀. Nítorí náà ẹ mu omi bó ṣe yẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú àti láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ padà wá, ká tún un yẹ̀ wò. Omi mímu yìí ń jẹ́ kí èsì jẹ́ òótọ́ ni o, kì í wo ẹ̀jẹ̀ tó ti pọ̀ sàn, mo sọ èyí torí àwọn kan máa ń mu gálọ́ọ̀nù omi kí wọ́n lè fi tan dókítà.

Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwọn nǹkan mìíì tó lè máa bá testosterone tì í. Èyí tí mo fẹ́ràn láti kọ́kọ́ bèèrè ni oorun. Ṣé ẹ máa ń hanrun? Ẹ má dáhùn fúnra yín, ẹ lọ bi ìyàwó yín. Tó bá ní ẹ máa ń hanrun tí èémí á wá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó tún mí gúdù, ọ́síjìn ń lọ sílẹ̀ lára yín lóru, kíndìnrín á rí i pé ọ́síjìn kéré, á tú EPO sílẹ̀. Testosterone sì lè mú kó burú sí i. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ pé oorun yìí ni wọn ò tọ́jú tí wọ́n ń bá oògùn jà. Sìgá náà wà níbẹ̀, torí èéfín ẹ̀ máa ń gba ipò ọ́síjìn lára sẹ́ẹ̀lì pupa, ara á wá ṣe sẹ́ẹ̀lì sí i láti fi dí i. Àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan bíi dapagliflozin àti empagliflozin máa ń gbé hematocrit sókè, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ náà ń fa omi jáde. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fúnra yín dá oògùn ṣúgà tàbí ti BP dúró nítorí ohun tí mo sọ yìí, ó wúlò fún ọkàn àti kíndìnrín, kí dókítà ṣáà mọ̀ pé ẹ ń lò ó ni. Tí nǹkan náà ò bá sì bá testosterone lọ, bíi kí platelet (àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) àti sẹ́ẹ̀lì funfun náà pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀, tàbí kó kọ̀ kó má wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dá oògùn dúró fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á yẹ EPO àti JAK2 (àbùdá kan tó máa ń yí padà nínú àìsàn mùdùnmúdùn yẹn) wò láti mọ̀ bóyá polycythaemia vera ni.

Nísinsìnyí, ibi tí mo ń bọ̀. Tó bá jẹ́ testosterone ló ń gbé e sókè, testosterone la kọ́kọ́ máa tún ṣe. Ó yẹ kó hàn sí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni pé wọ́n á fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n á ti máa gba ẹ̀jẹ̀ kúrò lára.

Ẹ wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ testosterone tó ń jẹ́ cypionate, 200 mg lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ testosterone ẹ̀ á ga fíofío, ó lè ju ti ọmọ ogún ọdún lọ, tó bá máa fi di òpin ọ̀sẹ̀ kejì ó ti rẹlẹ̀, inú á máa bí i, ara á máa wúwo, á wá máa ka ọjọ́ abẹ́rẹ́. Gíga fíofío yẹn wà lára ohun tó ń ti PCV sókè. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ipá wọn kì í pẹ́ bíi cypionate àti enanthate ló ń gbé e sókè jù. Tí dókítà bá pín in sí 100 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kó pín in sí kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan á rí i pé PCV wọn rọlẹ̀, ti àwọn míì ò ní rọlẹ̀ àfi tí wọ́n bá dín àpapọ̀ ẹ̀ kù, ká ní 80 tàbí 70 lọ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ undecanoate 1000 mg tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní Britain ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, tí wọ́n bá jẹ́ kí àárín ẹ̀ gùn sí i, òun náà á dín kù. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa èjìká kì í sábà gbé PCV sókè tó abẹ́rẹ́, mo sì ti rí ẹni tó kúrò lórí abẹ́rẹ́ bọ́ sórí jẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, àfi pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, kí ẹ sì wọ aṣọ bo ibi tí ẹ pa á sí kó má lọ kan ìyàwó tàbí ọmọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ṣì fẹ́ bímọ sì tún ní ìdí mìíì láti bá dókítà sọ̀rọ̀, torí testosterone tí ẹ ń gbà láti ìta máa ń mú kí irúgbìn ọmọ inú àtọ̀ dín kù, oògùn bíi clomiphene tó ń mú kí kóró ẹpọ̀n fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ kì í gbé PCV sókè tó bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá yẹ testosterone wò láti mọ̀ bóyá iye tí ẹ ń gbà pọ̀ jù, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Fún cypionate àti enanthate, àárín abẹ́rẹ́ méjì ni kí ẹ lọ. Fún undecanoate, kí ẹ tó gba èyí tó kàn. Fún jẹ́ẹ̀lì, wákàtí méjì sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ pa á. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sínú fóònù yín kí ẹ lè sọ fún wa, torí nọ́ńbà tí a ò mọ ọjọ́ ẹ̀, a ò lè rí nǹkan kan gidi sọ nípa ẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dín in kù, ẹ ní sùúrù. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan máa ń lò tó ọjọ́ 120 kó tó kú, àwọn tó ti wà nílẹ̀ ò ní pòórá lọ́la. Ẹni tó dín oògùn lónìí tó wá yẹ PCV wò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó rí i pé kò yí, tó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì fún un láyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni ẹ máa fi mọ ibi tó ń lọ, tó bá sì ga gan-an tẹ́lẹ̀ ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó padà sí ipò.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wá ńkọ́? Ó níbi tó wúlò. Tí PCV bá ti ga ju 54 lọ tí orí ń fọ́ èèyàn, tí ojú ń ṣú, tàbí tí dókítà fẹ́ kó yára wálẹ̀, wọ́n á ní kó jókòó sórí àga, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó nípọn sí ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀jẹ̀ bíi 450 ml á ṣàn sínú báàgì láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, PCV sì lè wálẹ̀ ní bíi mẹ́ta. Ìyẹn ni pé 56 lè di 53. Ó rọrùn, ó sì yá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú báàgì yẹn. Áyọ́ọ̀nù tó tó 200 sí 250 mg ló bá a lọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí à ń jẹ, miligíráàmù kan sí méjì péré ni ara ń rí mú nínú ẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tó bá ń ṣe é ní oṣù méjìméjì, áyọ́ọ̀nù tó fi pamọ́ á máa gbẹ. A máa ń rí i lórí ìwé, PCV ṣì wà ní 51, ṣùgbọ́n ferritin tó ń sọ iye áyọ́ọ̀nù tó wà nípamọ́ ti di 9, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀ ti kéré lójú, MCV (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó) ti já. Ọkùnrin náà á máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, irun á máa já, ẹsẹ̀ ò ní jẹ́ kó sùn lóru, ọkàn ẹ̀ ò ní sí níbi iṣẹ́. Kí ló máa rò? Á ní testosterone òun ti tún lọ sílẹ̀. Á fi kún abẹ́rẹ́. PCV á gòkè, á tún lọ gba ẹ̀jẹ̀ kúrò. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí ẹni tó wá ìlera ló ń fi owó ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di aláìsàn, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yẹ ferritin wò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ lọ á tún tú EPO sílẹ̀ láti fi dí i, testosterone tó pọ̀ yẹn sì ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà á tún gòkè náà ni. Tí wọ́n bá máa gbà á, kó jẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe sí oògùn, kí wọ́n sì máa wo ferritin.

Fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ dára, ilé ìwòsàn wa nílò ẹ̀ gan-an, tí PCV yín bá wà níbi tó yẹ tí wọ́n sì gbà yín, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ṣáà sọ òtítọ́ fún wọn pé testosterone lẹ ń lò, ẹ má sì torí pé ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ máa ti báńkì ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ní Britain ọ̀sẹ̀ 12 ni ọkùnrin máa ń fi sí àárín, ní Amẹ́ríkà ọjọ́ 56, ní Nàìjíríà oṣù mẹ́ta.

Bùlọ́ọ̀dù tọ́níìkì ńkọ́, àti oògùn áyọ́ọ̀nù, àti ugwu tí ìyàwó ń fún? Oúnjẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín lo tọ́níìkì àti tábúlẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù nígbà tí PCV bá ti ga, àfi tí dókítà bá rí i pé ferritin ti lọ sílẹ̀ tó sì kọ ọ́ fún yín, torí ẹni tí áyọ́ọ̀nù ẹ̀ ti tán tó bá lo áyọ́ọ̀nù, PCV ẹ̀ lè fò sókè. Aspirin náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fúnra yín, kì í dín sẹ́ẹ̀lì kù, ó sì lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀. Èso grapefruit (èyí tó jọ ọsàn ńlá, kì í ṣe èso àjàrà) tí wọ́n ń pariwo kiri pé ó ń mú PCV wálẹ̀, ó máa ń da iṣẹ́ àwọn oògùn bíi simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, rú.

Àwọn ọmọ jíìmù tó ń ra Sustanon, abẹ́rẹ́ testosterone, ní kẹ́míìsì, ẹ gbọ́ mi. Ìwọ̀n tí àwọn kan nínú yín ń lò ju ti ẹni tí dókítà ń tọ́jú lọ ní ìlọ́po mélòó kan, PCV 58, 60 ni a máa ń rí lára irú wọn. Mi ò wá bá yín jà. Owó FBC, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí PCV wà nínú ẹ̀, ò tó owó páùdà prótéènì agolo kan, ẹ lọ ṣe é. Àwọn ọkùnrin trans (àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé bí ọkùnrin) tí wọ́n ń gba testosterone náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amsterdam fi hàn pé ọdún kìíní ni tiyín náà ń gòkè jù, sìgá àti ara tó tóbi sì ń dá kún un. Tí ìwé yín bá ṣì ní F, ìyẹn obìnrin, lórí, ẹ̀rọ á fi àmì pupa sí 47 pé ó ti ga jù, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ọkùnrin ló yẹ kí wọ́n fi wò ó. Ẹni tó bá jẹ́ SS, dókítà ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní testosterone, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki léwu fún yín kódà ní nọ́ńbà tí kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹlòmíì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní mọ nǹkan kan lára nígbà tó bá ń gòkè. Àwọn míì á ní orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ọwọ́ ń ta wọ́n ṣínṣín, ara ń yún wọn tí wọ́n bá fi omi gbígbóná wẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó á kọ ọ́ pé ojú máa ń pọ́n, lára aláwọ̀ dúdú ẹ lè má rí i, ẹ wo inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ti pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ fún dókítà yín. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń ro yín, tí àyà bá dédé ń dùn yín, tí èémí ń já, tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ikọ́, tí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ kan ò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ní òru yẹn náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé testosterone lẹ ń lò, iye tí ẹ ń gbà, àti ọjọ́ tí ẹ gbà á kẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin wa máa ń fi eléyìí pamọ́ nítorí ìtìjú, pàápàá tí ìyàwó tàbí àwọn ọmọ bá dúró tì wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.